Àmín Tí A Ṣe sí Áhábù

Mesquite, Texas
18 Oṣù Kọkànlá, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àfojúsọ́nà ìwé mi. Báwo ni orúnkún? Báwo ni etí? Mo mọ̀ pé ẹ máa ní etí ti lọ, ẹ̀mí ló kù. Etí yẹn náà ló jẹ́ kí n máa kọ̀wé dípò kí n pè, nítorí ìgbà tí a fi fóònù sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ohun tí mo bèèrè kọ́ ni ẹ dáhùn, gbogbo ará ilé mi ló sì bá mi pariwo títí tí ọ̀fun fi gbẹ. Kí Àrínọlá tẹ èyí jáde fún yín, kí ó sì ya tiyín ní fọ́tò ránṣẹ́ bí a ti ń ṣe. Ẹ bá mi kí i dáadáa. Ọmọ àbúrò Bàbá ni, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń tọ́jú yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, èmi tí ẹ bí kò ṣe tó o.

Ọpẹ́ ló kún ẹnu mi lónìí. Àná ni ìjọ wa ṣe Ìkórè, Kíkí ọmọ yín sì jọba! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti bí i pẹ̀lú àrùn ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde yìí, ẹ̀yìn ló máa ń wà nínú ohun gbogbo. Omi tútù kò gbọdọ̀ kàn án, nítorí náà kò lè bá wọn lúwẹ̀ẹ́. Bọ́ọ̀lù kò ṣeé gbá títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré, òun ló ń bá wọn di ike omi mú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, kò sì ráhùn rí, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe di ọba. Ọdọọdún ni ìjọ ń fi èdè Yorùbá ṣe eré Bíbélì ní Ìkórè, kí àwọn ọmọ tí a bí síbí má baà gbàgbé èdè. Ti ọdún yìí jẹ́ ìtàn Áhábù àti ọgbà àjàrà Nábótì. Ìyàwó pásítọ̀ gbà láti ṣe Jésébẹ́lì, nítorí kò sí obìnrin mìíràn tó fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n Áhábù di ìṣòro. Ọkùnrin kan ní òun máa wà níbi iṣẹ́, òmíràn ní ẹ̀yìn ń ro òun. Dókítà kan nínú wọn ló sọ òótọ́, ó ní òun kò lè jókòó níwájú pẹpẹ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ajá àti ẹ̀jẹ̀ lé òun lórí. Ibẹ̀ ni Kíkí ti nawọ́. Ó ní, "Mọ́mì, I can do it. Ọba kàn ń jókòó ni." Ta ló máa wá sọ pé rárá?

Màmá, ó ṣe é! Agbádá bàbá rẹ̀ ni a fi píìnì ká sókè fún un. Nígbà tí Nábótì kọ̀ láti ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀, Kíkí dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó lóun ò jẹun. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Fọlọ́runṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Frisco ló ṣe Èlíjà, ohùn rẹ̀ sì dà bí àrá. Nígbà tó na ìka sí Kíkí tó ní ibi tí ajá ti lá ẹ̀jẹ̀ Nábótì ni ajá yóò ti lá ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, gbogbo ìjọ ké "Àmín!" Ẹ mọ bí a ṣe jẹ́: kí ẹnì kan ti gbé ohùn sókè lórí pẹpẹ, a ti dáhùn kí a tó gbọ́ ohun tó sọ. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú.

Fídíò wà lọ́wọ́ Àrínọlá. Ẹ wò ó, kí inú yín dùn bí tèmi. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀, ẹ fún un ní irú díẹ̀ fún mi. Èyí tí wọ́n ń tà níbí kò ní òórùn kankan.

Ọmọ yín,
Tèmítáyọ̀


Ògbómọ̀ṣọ́
27 Oṣù Kọkànlá, 2024

Tèmítáyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Ọládèjì. Kíkí ni mo kí lọ́tọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo jókòó tì láti àárọ̀. Orúnkún wà bó ṣe wà. Irú ti wà nílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ ni a ń wá.

Mo wo fídíò. Nígbà tó kọjú sí ògiri tó kọ oúnjẹ, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, nítorí ìwọ ni mo ń wò. Bí o ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn bí mo bá ní kí o fọ abọ́. Mo dúpẹ́ pé ojú mi rí i. Lẹ́yìn náà mo rí i tí ẹnu gbogbo ìjọ yà lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì bi Àrínọlá pé kí ni wọ́n wí. Ó kọ ọ́ sí bébà: "Àmín ni wọ́n ṣe, Màmá." Mo ní Àmín sí kí ni? Ó kọ ìyẹn náà. Mo bọ́ gíláàsì ojú mi, n kò sì lè wo ìyókù.

Tèmítáyọ̀, n kì í ṣe ará oko. Mo mọ̀ pé eré ni eré. Èlíjà yín sọ ohun tí wọ́n kọ fún un, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ta ló kọ Àmín fún ìjọ? Ìyẹn kò sí nínú eré. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi ṣe é, ní ilé Ọlọ́run, lé ọmọ mi lórí. Ọmọ wo sì ni? Ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gan-an ni mò ń bẹ Ọlọ́run sí láti ọdún mẹ́wàá. Àwọn ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n sá fún ọ̀rọ̀ náà, ẹ wá ti ọmọdé síwájú kí ó lọ gbà á. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Lọ bá pásítọ̀, kí ó pe ọmọ náà síwájú, kí ìjọ tí ó ṣe Àmín náà fi ẹnu kan náà kó o kúrò lórí rẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù. Àrínọlá ní ohùn obìnrin kan wà níbẹ̀ tó borí ti gbogbo wọn, ó sún mọ́ fóònù tó ń ya fídíò. Ta ni? Bi í fún mi bóyá kò bímọ rí ni. Mo ti gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí Ó bi í léèrè.

Ìyá rẹ ni


Mesquite, Texas
15 Oṣù Kejìlá, 2024

Màmá,

Ẹ kú ìgbáradì ọdún. Ẹ má bínú pé ìwé mi pẹ́. Wákàtí méjìlá méjìlá ni a ń ṣe níbi iṣẹ́ báyìí, bí mo bá sì wakọ̀ dé ilé lórí freeway, oorun ni.

Ara Kíkí le, ó ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ yín fún pásítọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ẹ má ṣèyọnu. Bàbá Kíkí náà ní eré ọmọdé ni. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a sọ ohun tó dùn mọ́ ọmọ yìí nínú di ohun ìbẹ̀rù fún un. Nǹkan tó dùn mọ́ ọn kò pọ̀.

Ní ti obìnrin tí ẹ bèèrè, èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, n kò lè mọ ẹni tó jẹ́.

Mo fi bátìrì ẹ̀rọ etí yín ránṣẹ́. Ẹ lò ó. Kì í ṣe inú àpótí ni ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́.

Tèmítáyọ̀ yín


Ògbómọ̀ṣọ́
20 Oṣù Kìíní, 2025

Tèmítáyọ̀,

Ọdún tuntun ti pé ogún ọjọ́, o kò kí mi. Bátìrì dé, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n bátìrì kọ́ ni mo bí. Àrínọlá ní òun ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù nígbà mẹ́ta, ó ní o rí i, o kò sì fèsì. Ọládèjì náà dákẹ́.

Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ọ. Èmi ni mo bí ọ. Bí o bá ń purọ́, ìwé rẹ máa ń kúrú. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti mọ̀. Ìwé rẹ ti oṣù Kejìlá kúrú púpọ̀.

Mo ti gbààwẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo ń já a ní ọ̀sán nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àdúrà méjì ni mo ń gbà. Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí Kíkí, mo sì ń sọ fún Ọlọ́run kí Ó má gbàgbé obìnrin olóhùn gíga yẹn. Bí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní ẹ̀san, kí ó kọ́ ọ.

Ṣé ara ọmọ náà le? Má wulẹ̀ kọ ìwé gígùn. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́.

Ìyá rẹ


Dallas, ní ọsibítù
26 Oṣù Kìíní, 2025

Bẹ́ẹ̀ kọ́, Màmá.

Ẹ forí jì mí tí n kò kí yín kí n tó sọ ọ́. Mo kí yín nísinsìnyí. Mo kúnlẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí, yìnyín bọ́ ní gbogbo agbègbè wa, wọ́n sì ti ilé ẹ̀kọ́. Ìgbà tí èmi ń gbóúnjẹ kaná, Kíkí ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nìkan lẹ́sẹ̀, ó ń kó yìnyín jọ. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo pariwo, mo gbé e wọlé, mo fi aṣọ gbígbóná wé e. Kó tó di ọjọ́ kejì, ìrora ti mú ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí àyà. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni, Màmá. Ọjọ́ kẹrìndínlógún nìyí tí a ti wà níbí, ẹ̀rọ ló sì ń ràn án lọ́wọ́ láti mí. Kò sunkún. Ó ń fi ọwọ́ di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó sì ń wò mí.

N kò sọ fún yín nítorí mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Mo tún ti sọ ọ́ fún ara mi ṣáájú yín.

Obìnrin olóhùn gíga náà, èmi ni. Ọwọ́ mi ni fóònù wà. Mò ń wo ọmọ mi nínú rẹ̀ pẹ̀lú adé lórí, inú mi ń dùn débi pé n kò gbọ́ ohun tí Èlíjà ń sọ. Ìró ohùn rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́, ẹnu mi sì dáhùn. Ìgbà tí mo délé tí mo tún fídíò náà wò ni mo gbọ́ ara mi. Mo rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìwé yín dé, ẹ̀rín náà tán, mo wá purọ́ fún yín.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ̀ pé òtútù àti àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ló ṣe èyí. Bí ìyá mìíràn bá bi mí léèrè, mo máa ṣàlàyé fún un dáadáa, mo sì máa dì í mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì yìí, Àmín yẹn ni mò ń gbọ́, ohùn ara mi. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni mo fi ẹnu mi sí?

Àwọn dókítà ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fa púpọ̀ nínú tirẹ̀ jáde, kí wọ́n fi ti ẹlòmíràn sí i. Ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu kò wọ́pọ̀. Ara ènìyàn dúdú bíi tiwa ni a ti sábà máa ń rí i, díẹ̀ nínú wa ló sì ń lọ fún wọn. Wọ́n ń wá a. Tèmi àti ti bàbá rẹ̀ kò bá a mu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ààwẹ̀ tí ẹ ń gbà sí obìnrin yẹn dúró. Ẹ gba tọmọ nìkan.

Tèmítáyọ̀


Ògbómọ̀ṣọ́
27 Oṣù Kìíní, 2025

Tèmi, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé o ti jẹun? Lọ jẹun kí o tó ka èyí, yóò dúró dè ọ́.

Nígbà tí mo ka ìwé rẹ tán, mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo dúró ti igi ọsàn. Àrínọlá rò pé òòyì ń kọ́ mi. Kì í ṣe òòyì. Inú ló bí mi, kì í sì í ṣe sí ọ. Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo fi ebi pa ara mi, tí mò ń sọ fún Ọlọ́run pé kí Ó bi obìnrin kan léèrè, èmi ni mo sì bí obìnrin náà. Ìwọ ṣe Àmín kan láìmọ̀. Èmi mọ̀ọ́mọ̀ ṣe tèmi, mo sì fi ààwẹ̀ tì í. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ń pa ọmọ, tèmi ni ì bá kọ́kọ́ pa ìwọ ọmọ mi. Ọmọ mi, má bínú sí mi. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ rí láyé yìí. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Wá gbọ́ ohun tí mo rí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Áhábù ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ibi ọ̀rọ̀ Èlíjà ni ìwé ẹ̀kọ́ wa máa ń parí sí. A ó ka ti ajá, a ó ka ti ẹ̀jẹ̀, agogo á lù, àwọn ọmọ á sá jáde. Ibẹ̀ náà ni eré tiyín parí sí. Lánàá mo ka orí kọkànlélógún Ìwé Àwọn Ọba Kìíní yẹn títí dé òpin, ojú sì tì mí.

Nígbà tí Áhábù gbọ́ ìdájọ́ náà, ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó gbààwẹ̀, ó wá ń rìn jẹ́jẹ́. Áhábù o! Ẹni tí Bíbélì ní kò sí ẹni tó ta ara rẹ̀ fún ibi tó o. Ẹni tó jẹ́ kí wọ́n sọ aláìṣẹ̀ lókùúta pa nítorí ọgbà ẹ̀fọ́, tó sì dìde lọ wọ inú ọgbà náà. Ọlọ́run rí i tó ń rìn jẹ́jẹ́, Ó wá pe Èlíjà bí ìgbà tí ènìyàn ń pe aládùúgbò pé kí ó sáré wá wo nǹkan: ṣé o rí bí Áhábù ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀? Ó ní nítorí ìyẹn, ibi náà kò ní dé sí ilé rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Mo mọ̀ pé Áhábù padà kú sójú ogun, nítorí kò jáwọ́ nínú ìwà rẹ̀. Ìdájọ́ Ọlọ́run kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́, n kò sì ní kọ́ ọ ní ohun tó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, Òun náà ló sì fawọ́ rẹ̀ sẹ́yìn nítorí pé ọkùnrin burúkú kan banú jẹ́. Ẹni tó lè dá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dúró fún Áhábù, ṣé Àmín tìrẹ ló máa wá wúwo jù fún Un láti gbé kúrò?

Kíkí kò gba ọgbà ẹnikẹ́ni. Yìnyín ló fẹ́ fọwọ́ kàn. Ègún tí kò nídìí kì í rí ibi bà sí.

Nọ́ọ̀sì ni ọ́. Sọ ọ̀rọ̀ tí o ní o máa sọ fún ìyá mìíràn yẹn fún ara rẹ, pátápátá, má fo ìkankan. Lẹ́yìn náà kí o gbé ọwọ́ lé orí ọmọ, kí o sọ fún un pé ìyá rẹ̀ àgbà ní kí ó mí. Ní Yorùbá ni kí o sọ ọ́, yóò gbọ́.

Mo ti dá ààwẹ̀ yẹn dúró. Mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, tìrẹ ni.

Ìyá rẹ tó nífẹ̀ẹ́ rẹ


Mesquite, Texas
24 Oṣù Kejì, 2025

Màmá mi, Màmá mi, Màmá mi,

Ilé ni mo ti ń kọ èyí! Kíkí wà lórí àga níwájú mi, ó ń jẹ ìrẹsì, ó ń bá mi jiyàn pé ata kò tó. Kí ni mo lè fi dúpẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ bí mi, tí ẹ tún bẹ̀ mí, mo dúpẹ́. Inú ọkọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí ọsibítù ni mo ti ka ìwé yín. Mo sunkún débi pé olùṣọ́ wá kan fèrèsé mi, ó ní, "Ma'am, are you all right?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Yorùbá ni mo fi dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà mo jẹun. Mo sì sọ fún Kíkí pé ẹ ní kí ó mí. Ó ṣí ojú, ó ní, "Ẹ sọ fún Grandma pé I'm trying."

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n rí ẹ̀jẹ̀. Àpò mẹ́fà ni, Màmá, láti ara ènìyàn mẹ́fà. Mo jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta tí ẹ̀rọ fi ń fa tirẹ̀ jáde tó ń fi tiwọn sí i. Èmi ti so àpò ẹ̀jẹ̀ kọ́ fún àìmọye ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ mi, n kò ronú rí pé ẹnì kan ló jókòó tó na apá kí ó tó di àpò. Mo bèèrè orúkọ wọn, bí ẹni pé n kò mọ òfin. Nọ́ọ̀sì náà ní wọn kì í sọ ọ́. Bóyá ọ̀kan nínú wọn ti bá mi pàdé nílé ìtajà rí, bóyá mo tilẹ̀ fọn fèrè ọkọ̀ sí i lójú ọ̀nà pé kò tètè wa ọkọ̀. Kò sí bí mo ṣe máa mọ̀ ọ́n.

Bọ̀dá Fọlọ́runṣọ́ wakọ̀ láti ilé rẹ̀ ní Rowlett wá kí wa. Ó ti gbọ́ ohun tí mò ń rò, Bàbá Kíkí ló sọ fún un. Ọkùnrin gíga yẹn kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Kíkí, please forgive Uncle." Kíkí wò ó títí, ó ní, "Uncle, kí lẹ ṣe? It was in the script." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun náà ń nu ojú.

Mo fi ìwé yín han pásítọ̀. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí, ó ka orí náà dé òpin fún ìjọ, ó ní ìyá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi ibi tí a ti fi eré sílẹ̀ han òun. Lẹ́yìn ìsìn, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ti dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ̀dá Fọlọ́runṣọ́ ló kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tó rí abẹ́rẹ́, Èlíjà dijú, ó ní kí n di ọwọ́ òun kejì mú. Dókítà tó kọ̀ láti ṣe Áhábù tẹ̀ lé e, àti ẹni tí ẹ̀yìn ń ro. Ènìyàn mọ́kànlélógójì ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe Kíkí ni yóò gba tèmi, ṣùgbọ́n ẹnì kan yóò gbà á.

Irú yín dé. Gbogbo ilé ń rùn, mo sì ń dúpẹ́.

Tèmi yín


Ògbómọ̀ṣọ́
10 Oṣù Kẹta, 2025

Tèmi mi,

Mo kí ọ, mo kí Ọládèjì, mo kí olówó orí mi Òkìkíolúwa, kábíyèsí tó mọ ata jẹ. Ìwé rẹ gùn dáadáa, mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo mú un lọ sí ìpàdé àwọn ìyá, mo ní kí Àrínọlá kà á sókè, a sì jó.

Nígbà tí ijó tán, ọ̀rọ̀ ènìyàn mẹ́fà yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. N kò lè kọ̀wé sí wọn. N kò lè gbé iṣu lọ fún wọn. Mo ro ó fún ọjọ́ mẹ́ta, mo wá yọ ẹ̀rọ etí nínú àpótí, mo fi í sí etí, mo ní kí Àrínọlá mú mi lọ sí ọsibítù ńlá tó wà níhìn-ín. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo ní mo wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ bèèrè ọjọ́ orí mi. Mo ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin gan-an lẹ nílò ẹ̀jẹ̀." Inú bí mi. Mo ní kí ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá dé, òun náà ní rárá. Ibi tí mo ti ń bá wọn jà ni mo ti wẹ̀yìn, tí mo rí i pé Àrínọlá ti dùbúlẹ̀, ó ti na apá. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo fa àga, mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, wọ́n ní ó dára. Wọ́n ní kí a jókòó, kí Àrínọlá mu míńírà kan, kí òòyì má baà kọ́ ọ. A wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí nọ́ọ̀sì kan gbé àpò kan kọjá, tó ń sáré lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aboyún. Àrínọlá rí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára, ó ní tòun ni. Mo ní kí a má tíì lọ.

A jókòó títí oúnjẹ ọ̀sán fi kọjá. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì náà jáde wá, ó bá ọkùnrin kan tó dúró ti ògiri sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà wọ ẹ̀wù mẹkáníìkì, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún nọ́ọ̀sì lórí sìmẹ́ńtì, ó ń wí pé ìyàwó òun yè, ọmọ òun yè. Àrínọlá fẹ́ dìde lọ bá a. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní kí ó jókòó.

Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó kí àwa méjèèjì ní ẹ kú ìjókòó, ó sì wọlé lọ wo ọmọ rẹ̀.

Ìyá rẹ ni